Iye Méjì Lórí Bùbù Kan

Náírà mẹ́wàá ni bọ̀ọ̀lì kan ní Àgbowó nígbà náà, bí o bá sì rẹ́rìn-ín sí obìnrin tó ń sun ún, yóò bá ọ ṣa èyí tó tóbi jù. Ẹ̀gbẹ́ títì tó kọjú sí géètì yunifásítì ló máa ń gbé ààrò rẹ̀ sí, èéfín rẹ̀ a sì máa wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, débi pé o ò ní mọ̀ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jóná ni tàbí ẹ̀rọ. Òórùn mẹ́ta ni mo fi ń rántí ibẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, epo jẹnẹrétọ̀, àti bébà gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ fọtokópì. Ó ku nǹkan bí ọdún kan kí a wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì. Àwọn kan ní ayé máa parẹ́, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà máa ya wèrè. Èmi ní tèmi, mo wá ẹni tí yóò bá mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú kọ̀ǹpútà náà kó tó ya wèrè. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì ka ìkẹfà yẹn dé ìdí.

Ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ẹ̀ fi jọ ta kàm̀pálà ní Dùgbẹ̀. Òun ló ní ọwọ́, èmi ni mo ní ẹnu. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń so aṣọ, bí wọ́n ṣe ń kán àbẹ́là sí i, àti bí ó ṣe yẹ kó pẹ́ tó nínú aró. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń mú obìnrin tó wá ra ẹyọ kan kó ra mẹ́ta, kó sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó ṣe ń lọ. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo la ní. Apá ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí, nítorí etí òsì ló fi ń gbọ́rọ̀ dáadáa, ó sì ní òun ò fẹ́ kí ìsọkúsọ mi kankan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ pè é sí Amẹ́ríkà kó wá bá òun tọ́ ọmọ, mo bá a rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ mọ́tò. Mo ní, "Lọ bá òyìnbó nu ìdí ọmọ." Ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe òyìnbó." Mo ní, "Ìdí ọmọ rẹ̀ á di òyìnbó láìpẹ́." Mọ́tò lọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sí apá òsì bẹ́ǹṣì náà, mo sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko láì sún dé àárín.

Ọkọ mi ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà ní Àbújá, bí ọdún bá dé ni mò ń rí wọn, wọ́n á sì máa wo aago. Nítorí náà, ẹni tí mo ní láti bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti wọ bàálù lọ. Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin la máa ń rà láàárọ̀, méjì tèmi, méjì tirẹ̀. Mo ṣì ń ra mẹ́rin. Obìnrin tó ń tà á kò béèrè, èmi náà ò sọ. Màá jẹ méjì, màá máa wo méjì. Bí oníbàárà tó wọ ìwọ̀kuwọ̀ bá kọjá, màá yíjú sápá ọ̀tún kí n sọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì kú sí mi lẹ́nu. O ò mọ bí ẹ̀fẹ̀ ṣe ń wúwo tó tí kò bá sí ẹni tí o máa gbé e fún.

Kò pẹ́ tí òwò tún so wá pọ̀. Ó kó bùbù kàm̀pálà mẹ́fà lọ nínú báàgì rẹ̀, ó wọ ọ̀kan lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin Yorùbá ní ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Ilé tẹlifóònù kan wà ní Òkè Àdó níbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá pè. Ibẹ̀ ló máa ń pè mí sí ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo ń dé ibẹ̀ láago méjì. Ní Sátidé yẹn ó pariwo débi pé ọkùnrin tó ni ilé tẹlifóònù náà ń gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, aṣọ ti tán! Wọ́n ní kí n mú sí i wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí i kí àwọn tó sanwó, wọ́n ní kí o fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Níbo nìyẹn?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni. Tí o bá fi sí i ní Ìbàdàn, àwa á rí i níbí."

"Ṣé wọ́n á lè fọwọ́ kàn án?"

"Ìwọ obìnrin yìí, lọ wá ẹni tó máa bá ọ ṣe é!"

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ rò. Mo rò ó pé bí òwò yìí bá dúró, yóò ní ìdí tí yóò fi máa pè mí. Ènìyàn lè gbàgbé ọ̀rẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ máa ń mú ènìyàn gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ẹni tí wọ́n jọ ń tajà. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wọ mọ́tò Àgbowó nìyẹn.

Ẹni méjì ni wọ́n júwe fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tó de táì nínú ooru, tó sì jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó gbé páálí kan ka orí tábìlì, páálí tó dán, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ lápá kan, tí ìwé inú rẹ̀ sì nípọn tó búrẹ́dì odidi.

"Mọ́mì, irinṣẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an ń lò nìyí. Kò sí pé à ń kọ nǹkan kan. A máa fa fọ́tò yín báyìí, a máa gbé e kalẹ̀ báyìí, ó parí."

Ó fa àwòrán òdòdó kan láti ìhín dé ọ̀hún, òdòdó náà dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ti kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ẹnìkejì jẹ́ ọmọbìnrin kan, ará ìhà Èkìtì, tó ti parí yunifásítì ṣùgbọ́n tí kò tíì rí iṣẹ́. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní ìbora, gbogbo ìfun rẹ̀ ló wà níta. Mo ní kó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ wá kí n rí i. Ó mú díísìkì pẹlẹbẹ kan jáde nínú pọ́ọ̀sì, ó gbọn gààrí kúrò lára rẹ̀.

"Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan, Mà. Ìyókù, èmi ni màá kọ ọ́."

Ó ṣí i. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn lẹ́tà funfun wá ń tò lọ lórí rẹ̀ bí èèrà. Kò sí òdòdó. Dípò òdòdó, ìbéèrè ló ní. Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó ni iye aṣọ mi máa ń yí padà lóṣù. Mo ní ìgbàkígbà tí mo bá ti rí bàtà ẹni tó wọlé. Kò rẹ́rìn-ín, ńṣe ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní aṣọ mélòó ni mo rò pé yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní ṣé Ọlọ́run ni mí ni. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí àwọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà yí padà ní gbogbo ojú ewé ńkọ́?

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé aṣọ ni mo wá tà ni, àbí àgọ́ ọlọ́pàá lo rò pé o wà?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ohun tí yóò máa ṣe ojú ewé ni màá kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe ojú ewé fúnra rẹ̀."

Mo wo díísìkì yẹn, mo wo gààrí. Wàá rántí bí a ṣe ń rajà ní Dùgbẹ̀. Aró inú páálí tí ọ̀rá rẹ̀ ò tíì já, kò sẹ́ni tó tíì po eérú mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá, tí wọ́n so lọ́rùn, ìwọ àti orí rẹ ni. Ogún ọdún ni mo fi ra ọjà bẹ́ẹ̀, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Nítorí náà mo padà sọ́dọ̀ oní-táì, mo ní kó gbé páálí yẹn fún mi kí n gbé e wò. Ó gbé e fún mi. Ó wúwo. Ọwọ́ mi ni mo fi yan irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń yan iṣu. Mo dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi gba igba náírà lórí ojú ewé kan dípò ọ̀ọ́dúnrún, inú mi sì dùn pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Aṣọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ojú ewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ojú ewé ìkójọ níbi tí gbogbo wọn ti tò ní kékeré kékeré pẹ̀lú iye wọn nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ì bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti rí ẹlòmíràn, ó ní, "Kò burú, Mà," ó sì padà sídìí èèrà rẹ̀.

Màá fún oní-táì ní ohun tó tọ́ sí i: ó yá lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ ó ti parí rẹ̀. Àwọn lẹ́tà kan ń tàn bí iná Kérésì, ojú ewé kan pupa, èkejì rẹ̀ pupa lọ́nà mìíràn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa wà lókè níbí, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Lójú tèmi, ó dà bí ọjà gan-an. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi pè.

"Mo rí ọwọ́ mi! Mo jókòó nílé ọmọ mi, mo rí aṣọ tí mo so fúnra mi. Bẹ́ǹṣì wa wà lẹ́yìn ọ̀kan. Ta ló ń jókòó sí àyè mi?"

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀."

A dákẹ́, àwa méjèèjì, lórí tẹlifóònù tí wọ́n ń ka owó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò rò pé a tíì dákẹ́ báyẹn rí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: àwọn obìnrin ọ̀hún á wo aṣọ níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n á mú nọ́ńbà èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á san owó fún ọ̀rẹ́ mi ní ìpàdé, òun á ka nọ́ńbà náà fún mi ní Sátidé, èmi á di aṣọ fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò. Bùbù àgbà kan, dọ́là méjìdínlógún. Fún oṣù mẹ́rin, kò sí ìṣòro kankan. Mo sún dé àárín bẹ́ǹṣì. Mo ti ń kó ẹ̀fẹ̀ jọ láti ọjọ́ Ajé, mo ń tò ó sínú orí mi bí ìgbà tí ènìyàn ń tò tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀, kí n lè kó gbogbo rẹ̀ fún un ní Sátidé.

Lẹ́yìn náà ni aró wọ́n, sódà tí a fi ń po aró náà wọ́n, àwọn arìnrìn-àjò náà sì ń béèrè owó ẹrù. Èmi àti ẹ̀ fẹnu kò pé kí bùbù di ogún dọ́là. Ó ní òun á sọ fún wọn ní ìpàdé, ó ní kí n rí i dájú pé ojú ewé ti yí padà kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo gba ọ̀dọ̀ oní-táì lọ.

"Mọ́mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ṣí wọn o. A máa ṣí i, a máa pa iye àtijọ́ rẹ́, a máa kọ tuntun, a tún máa fi ránṣẹ́. Ọgọ́rùn-ún náírà lórí ojú ewé kan."

"Nítorí nọ́ńbà méjì?"

"Bí irinṣẹ́ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ilé ara rẹ̀ ló wà. Kò mọ èkejì rẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé irinwó náírà, kí n tó ta aṣọ kan! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Mo ní kó yí ti àwọn ogún tó ń tà dáadáa nìkan, ọgọ́rin náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà. Ó wá ní iye wọn tún wà nínú ojú ewé ìkójọ, ṣé kí òun tú ìyẹn náà? Ó ní iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀.

"Ẹni tó bá máa ra aṣọ, ṣebí á ṣí aṣọ náà wò fúnra rẹ̀?"

Ó wò mí, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Mọ́mì."

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Ní ọjà wa, iye tí a pè kì í ṣe iye tí a ń gbà. O lè pe ọgọ́rùn-ún fún ẹnìkan, kí o pe àádọ́fà fún ẹni tó tẹ̀lé e, kí àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì bú ọ. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní olè. Iye méjì lórí aṣọ kan, kí ló kàn ńbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ti pẹ́ níbi tí iye tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ ti dà bí ìbúra.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé wọn, tẹlifóònù dún kí aago mẹ́ta tó lù.

"Kí lo ṣe sí mi?" Kò kí mi.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ogún dọ́là ni mo pè fún wọn. Àwọn mọ́kànlá san án. Ọ̀kan wá ṣí kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo ìpàdé, ó ní ẹ wá wò ó, méjìdínlógún ló wà níbí. Wọ́n ní mò ń jẹ dọ́là méjì lórí wọn. Èmi! Àwọn tí mi ò tíì mọ̀ tó ọdún kan. Mo fà á yọ nínú pọ́ọ̀sì mi, mo dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ pé, ẹ̀bi mi ni, mo fẹ́ fi owó pamọ́, mo yan irinṣẹ́ tí kò dáa, mo tún wá dúnàádúrà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, o sì mọ ohun tí mo máa ń ṣe bí ojú bá tì mí. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Dọ́là méjì! Nítorí dọ́là méjì lo ṣe ń han bí ẹni tí akàn gé lẹ́sẹ̀? Ìwọ tí o ti di ará Amẹ́ríkà! Ọmọ rẹ ò fún ọ lówó ọbẹ̀ ni?"

Ọkùnrin tó ni ilé tẹlifóònù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ ọ tó mí.

"Ó dáa," ó ní. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Mo san owó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín dé ìdí mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé ni mo gba ilé ọmọbìnrin Èkìtì yẹn lọ. Mo ti múra sílẹ̀ dè é: bó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a lò, lórí gààrí àti ìfun kọ̀ǹpútà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún mi ní àga kan ṣoṣo tó ní, òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì rò gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mà, télọ̀ yín, ṣé ojú ló fi ń gé bùbù?"

Inú bí mi. "Ojú kẹ̀? Kí n gbé aṣọ mi fún ẹni tó ń fojú gé e? Bébà ló ní. Ó ti gé bébà yẹn lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń tẹ́ lé aṣọ tó fi ń gé gbogbo rẹ̀."

"Tí ẹ bá wá fẹ́ kí apá rẹ̀ gùn sí i?"

"Bébà ló máa tún…"

Ọmọ náà ń fi èékánná ha bátánì kọ̀ǹpútà tó dọ̀tí. Ogún ọdún ni mo ti wà nídìí aṣọ. Mo ti lé télọ̀ méjì lọ nítorí pé wọ́n ń fojú gé bùbù. Èmi kan náà ni mo wá lọ sanwó fún ẹni tó fojú gé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, nítorí pé páálí rẹ̀ wúwo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan bó ṣe sọ, mo sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti lọ rí nǹkan kan tí mi ò rí. Kí n má purọ́, mo ń lọ nítorí àga yẹn àti ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ó ṣe ìwé kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ aṣọ kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀. Ó ṣe òmíràn tó jẹ́ ìrísí nìkan: ibi tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù máa wà, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, àwọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun kan tó ń mú méjèèjì, tó ń fi wọ́n rán gbogbo ojú ewé, ti ìkójọ àti ti ẹyọ ẹyọ. Lọ́jọ́ tó parí, ó ní kí èmi fúnra mi tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka mi sórí nọ́ńbà, mo yí méjìdínlógún di ogún níbi kan ṣoṣo. Ó ní kí n yan àwọ̀ tó wù mí. Mo ní àwọ̀ aró, èyí tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn. Kí n tó ka ogún, gbogbo rẹ̀ ti di aró. Mo ní kó ṣí nọ́ńbà kẹta, aró. Kó ṣí kọkànlélógójì, aró, ogún dọ́là. Kó ṣí ìkójọ, ogún dọ́là láti òkè délẹ̀, kò sí èyí tó yàtọ̀.

Mo yíjú sápá ọ̀tún mi. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀rẹ́ mi kò pè. Sátidé yẹn, mo dé Òkè Àdó láago kan. Mo fẹ́ sọ fún un. Mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ: èyí tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀bi mi ni, èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ bébà télọ̀, yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Tẹlifóònù dún ní ìgbà mẹ́fà. Wọ́n pe ọkùnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Jámánì, wọ́n pe àwọn ọmọ iléèwé méjì, wọ́n pe ìyàwó olùkọ́ kan láti Àkóbò tó sunkún títí tí owó rẹ̀ fi tán. Wọn ò pè mí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn ò pè mí. Èmi náà pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn lédè òyìnbó. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń bẹ ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ni ilé tẹlifóònù kò jẹ́ kí n wà lórí ìdúró mọ́, ó máa ń gbé àga jáde fún mi kí ó tó ṣí ilé, ìyẹn sì dùn mí ju bí ì bá ti lé mi lọ.

Sátidé kẹjọ ló pè. Ó kí mi dáadáa, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ó ní ṣé àlàáfíà ni mo wà, ṣé ara àwọn ọmọ le. Ó ní òun ti rí iṣẹ́, òun ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé kan, òun ò ráyè ìpàdé mọ́. Ó ní àwọn obìnrin ọ̀hún ti rí ẹnìkan ní Èkó tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Aṣọ tuntun wà o. Iye kan náà ló wà níbi gbogbo báyìí."

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. Ẹ. Sí mi. "Màá sọ fún wọn."

Kò pè mọ́. Ojú ewé náà wà níbẹ̀ títí ọdún fi yí, ó dọ́gba, ó mọ́, ó ṣeé fi igba aṣọ kún láìsí wàhálà. Ọmọbìnrin yẹn rí iṣẹ́ sí Èkó nítorí rẹ̀, ó fi í hàn wọ́n. Inú mi dùn fún un. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì ní Challenge, mo bú dírẹ́bà fún un nítorí ibi tó kó o sí, a rẹ́rìn-ín, mọ́tò lọ.

Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ará ọjà, ibi páálí ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n sọ. Ìwọ ni mò ń sọ ìyókù fún. Mo yan irinṣẹ́ tí kò dáa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ni mi ò rí pààrọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó kékeré ló pè mí sí, tí mo sì lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ rere rẹ̀ ló ń bá mi sọ, pé wọ́n pe òun lólè láàárín àjèjì, pé kí n bá òun dúró. Ó ti pẹ́ kí n tó jókòó ṣírò ohun tó bà á jẹ́, nígbà tí ìṣirò náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́: obìnrin mọ́kànlá, dọ́là méjì méjì. Ọdún mẹ́sàn-án lórí bẹ́ǹṣì kan, mo sì jẹ́ kó lọ fún dọ́là méjìlélógún.